Ẹ̀rù Àga Dókítà Eyín: Ibo Ló Ti Ń Wá Bá Àgbàlagbà?

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ sọ níbi ìpàdé wọn ní Abẹ́òkúta. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́.)

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ tí ẹ ránṣẹ́ pè mí, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin ọmọ Líṣàbí, ẹ kú ọjà, ẹ kú òwò, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó ti ìsọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yìí nítorí ọ̀rọ̀ eyín, Ọlọ́run yóò dá èrè rẹ̀ padà fún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín púpọ̀.

Ìbéèrè ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Ta ló wà níbí tí eyín kò jẹ́ kó sùn rí? Ẹ nawọ́, ẹ má tijú. Ẹ wò ó, ọwọ́ pọ̀ o. Ó dáa. Nínú ẹ̀yin tí ẹ nawọ́, ta ló gba ọ̀dọ̀ dókítà eyín lọ nígbà tí ilẹ̀ mọ́? Ẹ ti rí i bí ọwọ́ ṣe ń wálẹ̀? Ohun tó fa àwọn ọwọ́ yẹn wálẹ̀ gan-an ni mo wá sọ lónìí.

Ìlú tiwa yìí kì í ṣe ìlú tí ilé ìwòsàn ṣàjèjì sí. Sacred Heart tó wà ní Lántòrò ti wà níbẹ̀ láti 1895. Bí ibà bá mú wa, a ó gba abẹ́rẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru, a ó lọ wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá kan ti eyín, ọkùnrin tó ń gbé àpò sìmẹ́ńtì látàárọ̀ dalẹ́ á dé ẹnu ọ̀nà mi, á ní, "Dókítà, ó ti lọ sílẹ̀, kò dùn mí mọ́." Kí ló dé? Ṣé ojo ni? Rárá o. Ó pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n ò sì tíì rí ẹni tí mo lè pè ní ojo lórí àga yẹn. Ẹ̀rù yìí ní ibi tó ti ń wá, ó sì ní ohun tó ń bọ́ ọ. Bí a bá mọ ibi tó ti ń wá, apá wa á ká a.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn ẹ̀rù náà

Ṣé ẹ̀rù ṣeé wọ̀n? Ó ṣeé wọ̀n. Ní 1969, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Norman Corah gbé ìbéèrè mẹ́rin kalẹ̀ tí a fi ń mọ bí ẹ̀rù dókítà eyín ṣe jinlẹ̀ tó nínú ẹni. Nígbà tó di 1995, Gerry Humphris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bìrìtìkó fi ìkarùn-ún kún un. Ẹ fi ara yín dán an wò bí mo ṣe ń kà á.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀la lẹ ó lọ rí dókítà eyín, báwo ni ara yín ṣe máa rí? Bí ẹ bá ti débẹ̀, tí ẹ jókòó, tí ẹ ń retí kí wọ́n pè yín wọlé ńkọ́? Bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀rọ gbẹ́ ibi tó ti jẹrà lára eyín yín? Bí wọ́n bá fẹ́ ha ìdọ̀tí ara eyín yín, kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́? Ìkarùn-ún ni abẹ́rẹ́: bí wọ́n bá fẹ́ gún yín lábẹ́rẹ́ ní èrìgì, lókè, lápá ẹ̀yìn ńkọ́?

Ẹni tí ẹ̀rù kò bà rárá máa fún ara rẹ̀ ní 1 lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ẹ̀rù bà dójú ẹ̀ máa fún ara rẹ̀ ní 5. Tí ẹ bá rò wọ́n pọ̀, èyí tó kéré jù ni 5, èyí tó pọ̀ jù ni 25. Ẹni tó bá ti di 19 sókè, ẹ̀rù tirẹ̀ wọra. Ìyá tó wà níwájú yìí ń mi orí, mo ti mọ iye tí wọ́n gbà.

Ẹ má rò pé àwa Ẹ̀gbá nìkan ni o, tàbí pé Yorùbá nìkan ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ìwádìí láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi jọ ní 2021, nǹkan bí 15 nínú 100 àgbàlagbà ni wọ́n rí i pé ó ní ẹ̀rù yìí. Nǹkan bí 3 nínú 100 ni tiwọn le gan-an. Àwọn tí mò ń wí yìí ní ilé, wọ́n lọ́mọ, wọ́n ń darí ènìyàn níbi iṣẹ́.

Ohun tí ojú ti rí rí

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Èyí ni gbòǹgbò tó tóbi jù lọ, orí rẹ̀ ni màá sì pẹ́ sí.

Ìyá kan wá sọ́dọ̀ mi, aládìrẹ ni wọ́n ní Ìtòkú. Aró ti wọ inú èékánná wọn, kò lè lọ mọ́. Wọn ò jókòó wọnú àga. Etí rẹ̀ ni wọ́n fìdí lé, báàgì wọn wà láyà, ọwọ́ wọn kejì di apá àga mú débi pé gbogbo oríkèé ìka wọn yọ síta. Mo ní, "Ẹ fara tì, Mà." Wọ́n ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò ní ní kí wọ́n dì mí mọ́lẹ̀?"

N ò tíì mú ohunkóhun lọ́wọ́ o. Mo fa àga mi sún mọ́ wọn, mo ní kí wọ́n sọ ọ́ fún mi. Ọmọdé ni wọ́n, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n mú wọn lọ yọ eyín. Ẹnì kan di ẹsẹ̀ mú, ẹnì kan di ọwọ́ mú, ẹnì kan gbá orí wọn mọ́ra, wọ́n sì fa eyín náà yọ láìfún wọn ní oògùn tó ń mú ẹnu kú. Ẹ wo ìyá tó ti di ìyá àgbà, tó ti bímọ márùn-ún, tó ti rọbí láìké. Ìrora eyín ọjọ́ náà ti lọ tipẹ́. Dídì tí wọ́n dì wọ́n mọ́lẹ̀ ni kò lọ.

Ohun tí ìwádìí ń sọ náà nìyẹn. Nínú èyí tí wọ́n ṣe ní Toronto, ní Kánádà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999, nǹkan bí ìdajì àwọn àgbàlagbà tó ń bẹ̀rù ló ní ìgbà èwe lẹ̀rù náà ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan mìíràn tún wà tó yẹ kí àwa oníṣẹ́ eyín fi sọ́kàn: ìwà ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ń dúró nínú ẹni ju ìrora lọ. Bó bá dun aláìsàn, tí dókítà sì dúró, tó bẹ̀ ẹ́, tó fi oògùn kún un, aláìsàn yẹn á padà wá. Bó bá dùn ún, tí wọ́n wá jágbe mọ́ ọn pé kó dákẹ́, ó lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin àgbàlagbà pàápàá, ẹ̀rù yín kì í ṣe asán. Oògùn lidocaine tí a ń fi sínú abẹ́rẹ́ lónìí, ní 1943 ni Nils Löfgren ṣe é ní Swídìn, ó sì di 1948 kó tó dé ọjà. Ọdún pọ̀ sí i kó tó di ohun tí gbogbo ènìyàn ń rí gbà. Bàbá yín tàbí ìyá yín tó yọ eyín láyé àtijọ́, tó sì pa ìtàn rẹ̀ fún yín, kò purọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yọ tiwọn ti yí padà, ṣùgbọ́n ìtàn náà ṣì wà nílé.

Ohun tí etí gbọ́

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bẹ̀rù ni kò jókòó sórí àga dókítà eyín rí. Etí ni wọ́n fi kó o. Ta ni nínú wa tí kò tíì sọ fún ọmọ pé, "Bó ò bá jẹun, màá ní kí dókítà gún ẹ lábẹ́rẹ́"? Ọmọ yẹn ń dàgbà bọ̀ o, ọ̀rọ̀ náà sì ń bá a dàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi dókítà sílẹ̀ nínú ìbáwí ọmọ.

Ìtàn méjì wà tí mò ń gbọ́ láti Láfẹ́nwá dé Pánsẹ́kẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé wọn kì í yọ eyín òkè, pé ojú ló máa ń fọ́. Kì í ṣe òótọ́. Iṣan tó ń gbé ìrora eyín òkè lọ sí ọpọlọ yàtọ̀ pátápátá sí iṣan tí ojú fi ń ríran.

Èkejì wúwo jùyẹn lọ: "Lágbájá lọ yọ eyín, ó sì kú." Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Ènìyàn lè kú nítorí eyín lóòótọ́. Ọyún tó ti pẹ́ ní ìdí eyín lè sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n, kó dé ọrùn, kí ọ̀nà ọ̀fun wú, kí èémí má rí ibi gbà. Ẹni tó ti ń fi oògùn ara ríro tì í fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú, tí kò lè gbé itọ́ mì mọ́, tí wọ́n wá gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru, ewu ti wà lára rẹ̀ kó tó débẹ̀. Bó bá kú, eyín tí wọ́n yọ laráyé ń rántí. Ọ̀sẹ̀ méjì tó fi sá, kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́ ọn.

Bí sísá ṣe ń bọ́ ẹ̀rù

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ má gbàgbé èyí. Ní 1984, Ulf Berggren, oníṣègùn eyín ní Swídìn, ṣe àlàyé bí ẹ̀rù yìí ṣe ń yí po. Ẹ̀rù bà ọ́, o ò lọ. Nítorí pé o ò lọ, eyín náà ń bàjẹ́ sí i. Nítorí pé ó ti bàjẹ́, ojú ń tì ọ́, iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe sí i náà sì ti di ńlá. Ìgbà tí o bá wá lọ, ó dùn ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀rù náà wá ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Báwo ló ṣe ń rí nínú ẹnu? Ihò eyín kì í dunni níbẹ̀rẹ̀. Ó lè wà lójú ibẹ̀ fún oṣù púpọ̀, kó má sọ nǹkan kan. Bí a bá rí i nígbà yẹn, a ó gbẹ́ ibi tó jẹrà díẹ̀, a ó dí i, ẹ ó lọ sọ́jà. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ gba abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ni omi tútù á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Lẹ́yìn náà ni yóò máa jí yín lóru. Lẹ́yìn náà ni ọyún. Ìgbà tó bá di ọyún lọ̀pọ̀ wa ń wá, ìgbà yẹn gan-an sì ni abẹ́rẹ́ kì í fẹ́ ṣiṣẹ́, nítorí ara ibi tí ọyún wà ti kan bí omi ògì, oògùn náà kì í sì í rí ọ̀nà wọ inú iṣan dáadáa níbi tó bá ti kan. Ẹ wò ó bó ṣe rí: ẹni tó ń bẹ̀rù ìrora ló ń wá ní ọjọ́ tí ìrora ṣòro láti pa jù lọ. Ó wá padà sílé, ó ní, "Mo sọ fún yín, abẹ́rẹ́ wọn ò ṣiṣẹ́." Òótọ́ ló sọ. Ká ní ó ti wá ṣáájú, ì bá ṣiṣẹ́.

Kí sì ni à ń ṣe nígbà tí a fi ń sá? A ń fi ògógóró há ẹnu. A ń fi áṣáà sí i. Mo ti rí ẹni tó fi òwú ki omi bátìrì mọ́tò sínú eyín. Ásíìdì ni omi bátìrì, ẹ jọ̀ọ́! Ó bó èrìgì, ó bó ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, eyín náà sì ń dunni síbẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a pò mọ́ iyọ̀ kò burú láti fi fọ ẹnu títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ máa bọ̀.

Ara àga náà

Ẹ fojú inú wò ó. Wọ́n na yín sẹ́yìn, iná mọ́ yín lójú, ẹnu yín là sílẹ̀, ẹ ò lè sọ̀rọ̀, ẹ ò sì rí ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó dúró lé yín lórí. Ẹ̀rọ ń han létí. Òórùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú: òróró kànáfùrù ni, nítorí ó wà nínú oògùn tí a fi ń dí eyín fúngbà díẹ̀. Kànáfùrù tí ẹ ń sè sínú sobo nílé náà ni o. Síbẹ̀ àwọn kan á gbọ́ òórùn yẹn lẹ́nu ilẹ̀kùn, àtẹ́lẹwọ́ wọn á ti máa làágùn. Ta ló fẹ́ wà níbi tí kò ti lè sọ pé "ó tó"?

Ohun tó ń tún èyí ṣe kò ná wa ní kọ́bọ̀. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, èmi àti aláìsàn á jọ ṣe àdéhùn: bí ẹ bá ti gbé ọwọ́ òsì sókè, mo dúró. N ò ní sọ pé "ó kù díẹ̀". Mo dúró. Ìyá aládìrẹ yẹn gbé ọwọ́ sókè kí n tó fi dígí kan eyín wọn rárá, wọ́n ń dán mi wò. Mo dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó gbé báàgì sílẹ̀.

Nǹkan mìíràn tí a kì í sọ fún aláìsàn tó bó ṣe yẹ: a sábà máa ń po adrenaline díẹ̀ mọ́ oògùn inú abẹ́rẹ́, kó lè pẹ́ níbẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má sì dà púpọ̀. Èròjà yìí kan náà ni ara ń tú jáde nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá. Nítorí náà, lẹ́yìn abẹ́rẹ́, àyà lè máa lù kìkìkì fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí wọn ò bá sọ fún yín tẹ́lẹ̀, ẹ ó rò pé ikú dé. Ó ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìtìjú

Awakọ̀ kan wá láti gáréèjì Láfẹ́nwá. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Dókítà, ẹ má bínú sí mi." Kí ló ṣe mí tí mo fi máa bínú? Níbi tó ti lọ ṣáájú, lójú gbogbo àwọn tó jókòó, wọ́n ti sọ fún un pé, "Àgbàlagbà bíi tìrẹ, o ò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ẹnu?" Ó dìde, ó lọ. Ọdún gorí ọdún, kò yọjú síbì kankan títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú. Nígbà tó ń bá mi sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu.

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, tí ẹ wà níjòókòó, ẹ jẹ́ kí n bá yín wí díẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló ń yọ obì lápò, ohùn líle ló ń yọ ọfà lápó. Ẹni tó bá fi ojú ara rẹ̀ gbé ẹnu tó ti bàjẹ́ wá, akin ni. Kí a kí i káàbọ̀. Ìbáwí nípa búrọ́ọ̀ṣì lè dúró di ọjọ́ mìíràn.

Owó náà wà níbẹ̀, n ò ní fi pamọ́. Ẹni tí kò mọ iye tí wọ́n máa bi í, àyà rẹ̀ á máa já. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀tọ́ yín ni. Iye tí a fi ń dí ihò kékeré kò tó iye tí a fi ń tọ́jú eyín tó ti di ọyún.

Àwọn yòókù, màá kàn mẹ́nu bà wọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, obìnrin ń sọ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n ju ọkùnrin lọ, àwọn ọ̀dọ́ àgbàlagbà sì jù àwọn arúgbó lọ. Èrò tèmi ni pé àwọn ọkùnrin wa kì í fẹ́ sọ ọ́ jáde ni. Ẹni tí àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti ń bá fà tẹ́lẹ̀, ti eyín á le lára rẹ̀ jù. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí abẹ́rẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀, òòyì á gbé wọn. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìyẹn, ẹ sọ ọ́, a ó dá yín dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Kí lẹ máa wá ṣe?

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, fún nọ́ọ̀sì, fún ẹni tó ń gba káàdì: "Ẹ̀rù ń bà mí o." Bó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti lè sọ ọ́, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n kàn yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n má ṣe nǹkan kan. Ẹ wá láàárọ̀, kí ẹ má bàa fi gbogbo ọjọ́ rò ó. Ẹ jẹun kí ẹ tó wá, àfi bí wọ́n bá ní kí ẹ má jẹun. Ẹ mú ẹnì kan dání, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ẹni tó máa pa ìtàn eyín tirẹ̀ fún yín lójú ọ̀nà. Ẹ má mu ọtí kí ọkàn yín lè le. Bí a bá gún abẹ́rẹ́, ẹ ní kí a dúró kí ó kú dáadáa, kí a fi nǹkan gún ibẹ̀ díẹ̀ wò kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí tirẹ̀ bá le ju èyí lọ, ọ̀nà ṣì wà. Àwọn onímọ̀ ọkàn wà tó ń bá ènìyàn jókòó, tí wọ́n ń mú un sún mọ́ ohun tó ń bẹ̀rù díẹ̀díẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n lè fún yín ní oògùn tí ara á fi balẹ̀, tàbí afẹ́fẹ́ nitrous oxide tí ẹ ó fi imú fà. Afẹ́fẹ́ yìí kì í ṣe nǹkan tuntun: ní 1844, Horace Wells, oníṣègùn eyín ní Amẹ́ríkà, fà á símú, ó sì ní kí wọ́n yọ eyín tirẹ̀ fúnra rẹ̀ láti fi wò ó.

Ó tó báyìí. Ẹ bi mí ní ìbéèrè. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ dé fìlà aláwọ̀ àlùkò lọ́hùn-ún, mo ti rí ọwọ́ yín.

"Dókítà, ẹ ṣé o. Èmi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé wọ́n lè yọ eyín mi, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n lè yọ ọ́, Bàbá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ẹ lò ó láàárọ̀ ọjọ́ náà bí ẹ ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀, ẹ má fò ó. Ẹ sọ fún wa pé ẹ ń lò ó, ẹ mú páálí rẹ̀ dání. A ó wọn ẹ̀jẹ̀ yín kí a tó ṣe ohunkóhun. Ẹ̀rù nìkan lè gbé e sókè, nítorí náà a lè ní kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́ díẹ̀, kí a tún un wọ̀n. Bó bá ti tó 180 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, a ó dá eyín dúró, àfi bó bá jẹ́ pàjáwìrì, a ó kọ ìwé fún yín kí ẹ lọ rí dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru yín, a ó sì dá ọjọ́ mìíràn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Eyín wo ló ń dùn yín, Bàbá, tòkè ni àbí tìsàlẹ̀?